Bí Ilẹ̀ Ààbò Ṣe Di Ilẹ̀ Ààbọ̀ Lára Ògiri

Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé iṣẹ́ wo ni Alhaja Sìdíkátù ṣe jẹun, ẹ sọ fún un pé ayé ló ń yà. Mi ò ṣàwàdà. Mo ti ya Áfíríkà sára ògiri láti Ọ̀tà dé Alápòtí, láti Igbẹ́sà dé Adó-Odò, bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹ bá yọ Mẹ́kà kúrò, mi ò kọjá Kútọnu rí láyé mi. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní Ìyá Máàpù, àwọn kan nínú wọn sì rò pé Máàpù lorúkọ àkọ́bí mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rò ó bẹ́ẹ̀. Ìyà tí máàpù fi jẹ mí, ọmọ mìíràn ò fi jẹ ìyá ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́wàá ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi tí ẹ ń béèrè pé, "Ìyá, ṣé ká kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ni, àbí ká lọ tò sẹ́nu géètì ilé iṣẹ́?" Mi ò lè bá yín yàn. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ bí tèmi ṣe rí, kí ẹ wò ó bóyá èjìká yín lè gbé irú ẹ̀.

Alfa Ràjí ni bàbá mi, télọ̀ ni ní Ọ̀tà, ẹ̀yìn mọ́sálásí gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ó ti pinnu pé èmi náà á jókòó ti maṣíìnì. Ọjọ́ kan ló rán mi lọ ra yìnyín ní Sàngó. Bí mo ṣe ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, mo rí ọkùnrin kan lórí àkàbà, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ ya odò kan tí kò tóbi ju òwú lọ. Mo dúró. Odò yẹn ń lọ, ó ń ṣẹ́ kọ́rọ́, ó ń lọ, títí ó fi wọ inú òkun. Nígbà tí mo máa délé, omi ló kù nínú ike tí mo gbé dání.

Bàbá mi ní, "Yìnyín dà?"

Mo ní, "Bàbá, mo ti rí iṣẹ́ tí mo fẹ́ kọ́."

Háà, ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀. Ó ní ṣé obìnrin ni yóò máa gun àkàbà lójú ayé. Ó ní àwòrán ńkọ́, ṣé mi ò mọ̀ pé kò dáa ká máa ya ohun ẹlẹ́mìí ni. Mo ní, "Bàbá, ilẹ̀ àti omi ni wọ́n ń yà. Kò lẹ́mìí." Ó wò mí títí, ó ní ẹnu mi yìí ló máa pa mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ̀ tí mi ò jẹun, òun fúnra rẹ̀ ló rán ṣòkòtò tí mò ń wọ̀ sábẹ́ ìró láti fi gun àkàbà. Bí ọkùnrin yẹn ṣe máa ń ṣe nìyẹn: á kọ́kọ́ bínú, lẹ́yìn náà á wá wọn ẹsẹ̀ ẹni.

Ọ̀gá Adéọjọ lorúkọ ọkùnrin orí àkàbà náà, ọmọ Ìkìrun ni. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ọ́fíìsì ìwọnlẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ ní Èkó lábẹ́ àwọn òyìnbó, ó ń bá wọn da máàpù kọ. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì ló kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wá sí Sàngó, tó kan ṣọ́ọ̀bù pákó, tó ń ya máàpù fún àwọn ilé ìwé. Kì í na ọmọ iṣẹ́. Ìbá tiẹ̀ sàn kó máa nani! Tí o bá ya ìlà tó wọ́, ńṣe ni yóò gbé àga rẹ̀, yóò kọ ẹ̀yìn sí ọ, kò sì ní bá ọ sọ̀rọ̀ títí wàá fi fi abẹ ha á kúrò kó o tó tún un yà. Mo rí ẹ̀yìn ọkùnrin yẹn débi pé mo mọ gbogbo ibi tí wọ́n ti lẹ aṣọ rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kí n fọ búrọ́ọ̀ṣì, kí n sì di okùn mú, iṣẹ́ mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ó fi ẹfun pa okùn, èmi á di orí kan, ọ̀gá á di ìkejì, á tá a sára ògiri, ìlà funfun á sì hàn gbọọrọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pín ògiri sí ojú-ojú, ká tó máa kó ohun tó wà lójú kọ̀ọ̀kan nínú máàpù kékeré lọ sí ojú tirẹ̀ lára ògiri. Owó tó ń kàn mí níbẹ̀ kò tó ohun tí à ń sọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló le jù. Máàpù tí àwọn ilé ìwé ń bẹ̀ wá sí jù ni Áfíríkà bí àwọn òyìnbó ṣe pín in mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ẹlòmíì á ní kí la tún fẹ́ mọ̀ níbẹ̀, ṣebí gbogbo ilẹ̀ tí òyìnbó gbà, ilẹ̀ tí òyìnbó gbà ni. Ọ̀gá mi ò ní gbà fún yín láéláé. Ó ní olè tó wọlé lójú fèrèsé àti èyí tó wá bíi àlejò, olè ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n tí o kò bá mọ èyí tó wọlé sí ọ, o kò ní mọ ibi tí wàá tì. "Àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́," ló máa ń sọ, "òfin ni." A kì í ṣí agolo ọ̀dà kan títí a ó fi sọ ẹni tó mú ilẹ̀ náà àti orúkọ tó fi pè é.

"Èkó?"

"Pupa fòò, Ọ̀gá."

"Kí ló dé?"

"Torí Gẹ̀ẹ́sì gbà á pátápátá. Ilẹ̀ ọba wọn ni."

"Ọ̀tà?"

"Pupa tí a po funfun mọ́."

"Kí ló dé?"

"Ilẹ̀ ààbò ni. Wọ́n ní àwọn ò gbà á, àwọn kàn ń dáàbò bò ó ni."

"Ta ló ń gba owó orí?"

"Ọba ló ń gbà á lọ́wọ́ wa, àwọn ló ń gbà á lọ́wọ́ ọba."

"Ó dáa. Po ọ̀dà."

Ìgbà tó kọ́kọ́ ṣàlàyé èyí fún mi, mo rò pé ó ń fi mí ṣeré. Ó ní ọmọ tí wọ́n bá bí ní Èkó láyé ìjọ́un, lójú òfin, ẹni abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni, bí ẹni pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n tí ìrọbí bá mú ìyá ọmọ náà bó ṣe ń bọ̀ lọ́nà Ọ̀tà, tó sì bí i síhìn-ín, ọmọ yẹn di ẹni tí wọ́n ń dáàbò bò. Ìrìn tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn ló wà láàárín àwọn méjèèjì o! Mo ní, "Ọ̀gá, ọmọ náà ńkọ́, ṣé ẹkún rẹ̀ yàtọ̀ ni?" Ó gbé àga rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ilẹ̀ Faransé, àwọ̀ ewé ni. Dàkáà ni wọ́n ti ń pàṣẹ fún apá tiwa níhìn-ín gbogbo, wọn ò sì ní sùúrù fún ọba kankan. Ọba tó bá ṣorí kunkun, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi ẹni tó ń gbọ́ràn síbẹ̀. Ní àwọn ìlú díẹ̀ létí òkun Sẹ̀nẹ̀gà, wọ́n ní ọmọ ibẹ̀ lè di ọmọ Faransé pọ́ńbélé, àwọn tó kù lẹ́yìn odi wá di ẹni tí à ń fi tipátipá kó lọ la ọ̀nà. Potogí ní tirẹ̀ ló pani lẹ́rìn-ín jù. Nígbà tí gbogbo ayé ń pariwo pé kí wọ́n fi ilẹ̀ onílẹ̀ sílẹ̀, Potogí ní òun ò mú ẹnikẹ́ni sìn, pé ìpínlẹ̀ òun tó wà lókè òkun ni Àǹgólà. Sùdáànì ńkọ́? Ìyẹn ni ìyàwó ọlọ́kọ méjì, Gẹ̀ẹ́sì àti Íjíbítì, ọ̀kan ló sì ń lo agbára ilé. Kamẹrúùnù, ìlà-ìlà la máa ń fà á, torí ilẹ̀ àgbàtọ́ ni: wọ́n gbà á lọ́wọ́ Jámánì lẹ́yìn ogun, wọ́n pín in láàárín ara wọn, wọ́n ní àwọn ń bá gbogbo ayé tọ́jú rẹ̀ ni. Ẹ ti rí alágbàtọ́ tó ń fi ọmọ ọlọ́mọ kiri ọjà, àbí ẹ ò tíì rí i?

Màmá bàbá mi wá kí mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan láti Adó-Odò. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àìná, ti lọ́kọ sí apá Àjàṣẹ́ nílẹ̀ Faransé kí ẹnu ibodè tó le, ìgbà tó yá kí wọ́n tó rí ara wọn di wàhálà ìwé àti ẹ̀bẹ̀. Ìyá àgbà dúró níwájú máàpù tí mò ń yà, ó ní kí n fi ibi tí ilẹ̀ Faransé ti bẹ̀rẹ̀ han òun. Mo fi ìka sí i. Ó sún mọ́ ọn, ó wò ó pẹ́.

Ó ní, "Ṣé bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó nìyí?"

Ó dun mí dọ́kàn. Ìyá àgbà wá yí sí ọ̀gá mi, ó ní, "Faransé fẹ́ kí Àìná di òun. Gẹ̀ẹ́sì ní kí èmi máa jẹ́ èmi, kí n ṣáà máa sanwó." Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí eyín Ọ̀gá Adéọjọ. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di àkàbà mú. Ó ní gbogbo ohun tí òun ti ń sọ láti àárọ̀ ọjọ́, ìyá ti fi gbólóhùn kan parí rẹ̀.

Ohun kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa tí mi ò rí níbòmíì. Ọmọ iṣẹ́ ló ń kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ọ̀gá nìkan ló ń fi àmì sí i, tòkè àti tìsàlẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà fún ìyẹn, etí fìlà rẹ̀ ló máa ń há a sí. Ó ní lẹ́tà ni ara, àmì ni ẹ̀mí, ẹni tí kò tíì gba fírídọ̀mù kì í fi ẹ̀mí sí nǹkan. (Ọpẹ́lọpẹ́ pé bàbá mi ò gbọ́ ìyẹn rí o.) Ọjọ́ tó bá yọ búrọ́ọ̀ṣì yẹn fún ọ, ọjọ́ náà lo gba fírídọ̀mù. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ló sì ti sá lọ kó tó yọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Èmi ò sá. Mo fẹ́ búrọ́ọ̀ṣì yẹn bí ẹlòmíì ṣe ń fẹ́ ọmọ.

Ìgbà yẹn ni Sáàpù dé. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá a, orúkọ ètò tí ìjọba ní òun fi ń tún ọrọ̀ ajé ṣe ni. Náírà wálẹ̀, ohun òkè òkun gòkè, ilé iṣẹ́ ní Sàngó ń dá àgbà òṣìṣẹ́ dúró, wọ́n ń gba ọmọdé tí kò ní béèrè ohun púpọ̀. Àmọ́ Sáàpù tó ń pa ẹlòmíì ló gbé iṣẹ́ fún wa. Máàpù tí wọ́n tẹ̀ láti òkè òkun di ohun tí ilé ìwé ò lè rà mọ́, wọ́n bá ń wá wa kiri. Ọ̀dà ló wá di wàhálà. Ẹnu géètì àwọn tó ń ṣe ọ̀dà ni mo máa ń lọ dúró sí láàárọ̀, kí n lè ra agolo tó ti tẹ̀ wọnú tí wọn ò lè tà fún oníṣòwò.

Bàbá mi ti pè mí jókòó nígbà náà. Ó ní, "Sìdí, ọ̀rẹ́ mi kan ti bá ọ wáyè ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike. Wọn ò ní dúró dè ọ́. Iṣẹ́ tí ẹ wà lórí ẹ̀ yìí, tí Adéọjọ ò bá fún ọ ní fírídọ̀mù lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀la ẹ̀ ni wàá lọ wọ yunifọ́ọ̀mù wọn. Mo ti ṣe sùúrù tó." Kò sọ ọ́ níkà. Ọjọ́ orí mi ti ń lọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ti ń gbé nǹkan wálé. Mo ní mo gbọ́, sà.

Iṣẹ́ náà ni ògiri gbọ̀ngán ilé ìwé girama kan ní Ọ̀tà. Mísíìsì Ọláìtán, ọ̀gá àgbà ibẹ̀, fẹ́ kí gbogbo ọ̀rọ̀ ara máàpù náà jẹ́ Yorùbá, kí òbí tó bá wá sípàdé lè kà á. Ó ní tí wọ́n bá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, òun á bá àwọn ọ̀gá ilé ìwé yòókù sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni pé tí iṣẹ́ yẹn bá dáa, ṣọ́ọ̀bù ti rí ọ̀nà àbáyọ, èmi náà ti rí tèmi.

A ṣe é tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n mo ń rí i pé ọ̀gá mi ń rọra gun àkàbà. Ó máa ń gbé agolo sún mọ́ ojú, á ní, "Pupa nìyí, àbí?" Lọ́sàn-án gangan, ó da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀bù. Mo sọ fún ara mi pé àárẹ̀ ni. Ọjọ́ tó fi àmì sí lẹ́tà, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri. Èmi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì níta. Nígbà tí mo wọlé, ó ti fi aṣọ bo gbogbo rẹ̀, ó ní ó ti parí, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ tí wọ́n á ṣí i.

Ọjọ́ ìṣíṣọ pé, gbọ̀ngán kún. Bàbá mi náà wá, ó wọ agbádá tó rán fún Iléyá. Wọ́n fa aṣọ wálẹ̀, àwọn ènìyàn pariwo, wọ́n pàtẹ́wọ́. Orí mi wú. Olóyè Àjàní, tó jẹ́ alága àwọn òbí, bá wọ awò ojú rẹ̀, ó sún mọ́ ògiri, ó gbójú sókè sí àpótí funfun tó wà lẹ́sẹ̀ máàpù, níbi tí a ti ṣàlàyé àwọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.

"ILẸ̀ ỌBA GẸ̀Ẹ́SÌ. Ẹ̀n-ẹ́n, èyí pupa yẹn, Èkó nìyẹn. ILẸ̀ ÀÀBỌ̀..." Ó dúró. "Ààbọ̀ kẹ̀?"

Ó tún wò ó.

"Mísíìsì, ta ni wọ́n ń pè ní ilẹ̀ ààbọ̀? Àwa? Èkó jẹ́ odindi, Ọ̀tà jẹ́ ààbọ̀?"

Òbí kan láti ẹ̀yìn ní, "Ẹ tiẹ̀ wo ọ̀dà ẹ̀! Èkó ni wọ́n fi ojúlówó kùn. Tiwa, wọ́n fi omi lù ú!"

Ẹlòmíì ní, "Sáàpù ti dé orí máàpù!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ tó fi di ariwo. Olóyè ń bínú gidi. Ó ní àwọn baba òun ti wà lórí ilẹ̀ yìí kí òyìnbó kankan tó mọ ọ̀nà ibẹ̀, wọn ò sì jẹ́ ààbọ̀ ẹnikẹ́ni.

Mo wo ibẹ̀. Àmì ìsàlẹ̀ kan ni, kò ju orí ìṣáná lọ, lábẹ́ lẹ́tà tó kẹ́yìn. Ẹ̀yin tó gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí àmì yẹn ṣe. Ààbò ni a kọ, àmì kan ti sọ ọ́ di ààbọ̀.

Mísíìsì Ọláìtán ò gbé ohùn sókè. Ó kàn ní, "Ta ló fi àmì sí èyí? Ẹni tí kò mọ ibi tí àmì ń gbé kò lè ya ògiri ilé ìwé mi. Mo lè ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun kun gbogbo rẹ̀ lọ́la."

Mo yíjú sí ọ̀gá mi. Ó ń wo ògiri, ó ń ṣẹ́jú, ó ń wo ibi tí kì í ṣe ibẹ̀ rárá. Ojú rẹ̀ ti lọ, ó sì ń fi pa mọ́ fún mi. Tí mo bá sọ òótọ́, mo bọ́. Àwa ará ṣọ́ọ̀bù mọ̀ pé ọ̀gá nìkan ló ń fi àmì sí i. Àmọ́ ta ni yóò tún gbé iṣẹ́ fún ayamáàpù tí kò ríran? Ẹnu mi tí bàbá mi ní ó máa pa mí ló là.

Mo ní, "Èmi ni, mà. Èmi ni mo ṣèèṣì fi àmì sí i."

Mo rí bàbá mi tó tẹrí ba nínú agbádá Iléyá rẹ̀. Ó mọ ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọnù.

"Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn?" Ọ̀gá Adéọjọ ni. "Sìdíkátù, wá síbí. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀? Kà á fún mi."

Mo kà á. "Ilẹ̀ ààbọ̀, sà."

"Àmì wà nísàlẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

Mo rò pé ó máa kọ ẹ̀yìn sí mi bó ṣe máa ń ṣe. Àwọn èrò ló kọjú sí.

Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú. Irọ́ lọmọ yìí ń pa. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, èmi nìkan ló ń fi àmì sí ọ̀rọ̀. Ojú mi ti ń ṣú láti ìgbà díẹ̀, mo rò pé ọwọ́ mi á mọ ibi tí ojú ò rí. Èmi ni mo sọ yín di ààbọ̀."

Lẹ́yìn náà ló yí sí mi, ìbínú tó wà lójú rẹ̀ kò kéré. "Ta ló bẹ̀ ọ́?"

Mo ní, "Sà?"

"Mo ní ta ló bẹ̀ ọ́ pé kó o dáàbò bò mí? Gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ, etí kan ló gbà wọlé, tó gba ìkejì jáde? Kí ni àwọn òyìnbó yẹn sọ nígbà tí wọ́n dé? Wọ́n ní àwọn wá dáàbò bò wá ni. Ìlú mìíràn bẹ̀ wọ́n, ìlú mìíràn ò bẹ̀ wọ́n, gbogbo wa náà la jọ san owó orí. Ẹni tó bá ń gbèjà rẹ láìjẹ́ pé o rán an, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa fi ẹnu rẹ sọ̀rọ̀. Tó bá yá, á máa sọ ohun tí o lè ṣe àti ohun tí o ò gbọ́dọ̀ ṣe. Èmi ò tíì di ilẹ̀ ààbò ẹnikẹ́ni!"

Ẹkún bọ́ lójú mi, kì í sì í ṣe ẹkún ìrònúpìwàdà o, ìbínú ni. Ẹni tí mo fẹ́ gbà sílẹ̀ ló ń bú mi lójú bàbá tó bí mi! Mo ti fẹ́ fèsì. Ọ̀gá mi ti na ọwọ́ sókè, ó yọ búrọ́ọ̀ṣì kékeré náà létí fìlà.

Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Tí mo bá fẹ́ kí ẹnìkan ràn mí lọ́wọ́, ẹnu mi ni mo máa fi sọ ọ́. Mo ń sọ ọ́ nísinsìnyí, lójú gbogbo ènìyàn. Ojú mi ti lọ, Sìdíkátù. Gbà. Lọ tún un ṣe."

Mo gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo sì kúnlẹ̀. Mo gun àkàbà, ṣòkòtò tí bàbá mi rán ló wà nídìí mi. Mo fi funfun pa àmì náà rẹ́.

Olóyè Àjàní kígbe láti ìsàlẹ̀, "Ṣé ó ti kúrò?"

"Ó ti kúrò, Bàbá."

"Kí ló wá di?"

"Ilẹ̀ ààbò, sà."

Ó ní, "Ìyẹn náà ò kúkú tẹ́ mi lọ́rùn. Ta ni wọ́n ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ẹ̀? Ó dà bíi pé ààbọ̀ yẹn ló jóòótọ́ jù." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ọ̀gá mi náà rẹ́rìn-ín. Mísíìsì Ọláìtán gba iṣẹ́ náà. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀, bàbá mi ti dúró sídìí àkàbà, ó di í mú kó má baà yẹ̀. Kò sọ ohunkóhun nípa ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike mọ́ títí ó fi kú.

Ọjọ́ náà ni mo gba fírídọ̀mù. Ọ̀gá Adéọjọ ń jókòó lórí àga rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó kọjú sí mi báyìí, ó ń bi mí ní àwọ̀ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí mo bá sì ṣì í, á ní kí n ha á. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sí Ìkìrun, ibẹ̀ ló sì sùn sí. Mo gba ọmọ iṣẹ́ tèmi. Mo lọ ya ògiri dé ibi tí ọkọ̀ kì í dé nígbà náà, ọ̀kadà ló ń gbé mi àti agolo ọ̀dà wọ igbó Igbẹ́sà.

Kọ̀ǹpútà wá dé. Ẹ̀rọ kan wà ní Sàngó báyìí, kí o tó sín tán, ó ti tẹ odindi Áfíríkà jáde sórí ọ̀rá. Wọ́n ní iṣẹ́ mi ti kú. Mo ní kò ní kú lójú mi. Mo lọ jókòó ti àwọn ọmọ tó ń lo ẹ̀rọ náà, èmi àgbàlagbà, mo ní kí wọ́n kọ́ mi. Ohun tí mo rí bà mí nínú jẹ́: wọn kì í fi àmì sí i rárá! "ILE AABO" ni wọ́n kọ, kí kálukú lọ máa yàn bóyá ààbò ni tàbí ààbọ̀. Mi ò fi wọ́n sílẹ̀ títí wọ́n fi mọ bọ́tìnì tí à ń tẹ̀ fún àmì. Ní Sàngó lónìí, tí ẹ bá rí pátákó tí Yorùbá rẹ̀ lámì, ẹ béèrè, àárín èmi àti ẹni tó kọ ọ́ kò ní jìnnà.

Bùsọ́lá ni ọmọ iṣẹ́ mi tó gbẹ̀yìn, ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ó mọ ẹ̀rọ, ó mọ búrọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n èmi ló ń fi àmì sí i. Láìpẹ́ yìí, a ya ògiri ilé ìwé kan ní Alápòtí. Mo fi àmì sí gbogbo rẹ̀, mo lọ kírun. Nígbà tí mo padà, mo fọwọ́ tọ́ lẹ́tà kan, ọ̀dà tútù kan ìka mi. Mo fọwọ́ kan òmíràn, ó tutù. Ọ̀dà tèmi ti yẹ kó gbẹ. Ẹnìkan ti tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, ó ti ń tún àmì mi ṣe.

Mo pè é. "Bùsọ́lá, ta ló bẹ̀ ọ́?"

Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ó ti pẹ́ tí ojú yín... Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi yín ṣẹ̀sín ni."

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Mo ti la ẹnu tán láti bú u bí wọ́n ṣe bú mi. Ṣùgbọ́n ìka mi tí ọ̀dà wà lára rẹ̀ ni mò ń wò, mi ò sì rí i dáadáa. Mo na ọwọ́ sórí, mo yọ búrọ́ọ̀ṣì Ọ̀gá Adéọjọ nínú ìborùn mi, mo fi lé e lọ́wọ́.

Mo ní, "Dìde. Ní báyìí ni mo bẹ̀ ọ́."